Ìrora Oríkèé Àgbọ̀n Tó Pẹ́ Lára

Oríkèé àgbọ̀n ni ibi tí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti so mọ́ egungun orí, níwájú ihò etí gan-an. Ẹni tó bá fi ìka sí iwájú etí rẹ̀ méjèèjì, tó wá ń la ẹnu tó ń pa á dé, yóò mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan ṣe ń yí lábẹ́ ìka náà. Méjì ni oríkèé yìí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ṣùgbọ́n egungun kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ kí èkejì jókòó. Bí apá kan bá ń ṣàìsàn, apá kejì ni yóò máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrora tó bẹ̀rẹ̀ lápá kan fi lè dé apá kejì bí àkókò ti ń lọ.

Iṣẹ́ oríkèé náà díjú ju ti ìgúnpá lọ. Bí ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í là, orí egungun àgbọ̀n á kọ́kọ́ yí lójú kan. Bí ẹnu bá là jù bẹ́ẹ̀, orí egungun náà á yọ̀ síwájú, á jáde kúrò nínú kòtò tó wà tẹ́lẹ̀, á sì padà sínú rẹ̀ nígbà tí ẹnu bá pa dé. Láàárín egungun méjèèjì ni awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tó yi, tó sì ń tẹ̀, tó ń gba agbára ìjẹun bí tìmùtìmù ṣe ń gba ìdí. Awẹ́ yìí ló yẹ kó máa bá orí egungun lọ, kó máa bá a bọ̀. Iṣan mẹ́rin ló ń ti àgbọ̀n lápá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ọ̀kan tẹ́ sí ẹ̀bátí, méjì fara pamọ́ sínú. Ẹnu àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń là tó mìlímítà 40 sí 50. Àwọn dókítà eyín ní ọ̀nà kan tí kò gba rúlà: kí ènìyàn to ìka mẹ́ta tirẹ̀ léra wọn lóròó, kí ó wò ó bóyá wọn yóò wọ àárín eyín iwájú ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé, ẹnu ń là dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé tipátipá ni méjì fi wọlé, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀.

Orúkọ kan ṣoṣo, TMD, ni àwọn oníṣègùn ń pe gbogbo àìsàn tó ń bá oríkèé yìí àti iṣan rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè pàdé lára ẹnì kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti iṣan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí á máa ro, pàápàá ní òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn oúnjẹ. Bí a bá fi ìka tẹ ibẹ̀, ìrora tí a mọ̀ dáadáa náà ni yóò dáhùn. Èkejì ni ti awẹ́ inú oríkèé tó ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ẹnu bá ń là, awẹ́ náà á fò padà sí ipò, á sì dún. Ìgbà mìíràn wà tí kò ní lè padà mọ́. Ìró á dákẹ́, ẹnu kò sì ní là kọjá ibì kan. Ẹ̀kẹta ni ti egungun fúnra rẹ̀, tí ojú oríkèé ń jẹ, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní orúnkún àwọn àgbàlagbà. Èyí a máa dún bí ẹni ń rìn lórí yanrìn. Àìsàn làkúrègbé tó ń jà káàkiri oríkèé ara lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ìró yẹn ló máa ń já àwọn ènìyàn láyà jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò yẹ kó já wọn láyà. Àìmọye ènìyàn ni àgbọ̀n wọn ń dún láti kékeré títí dọjọ́ alẹ́ tí kò dùn wọ́n rí. Ìró lásán, tí kò ní ìrora nínú, tí kò dí ẹnu lọ́wọ́ láti là, kò nílò ìtọ́jú kankan. Ẹni tó bá ń mọ̀ọ́mọ̀ ju àgbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún, òun ló ń dá oríkèé náà lóró.

Ìrora oríkèé àgbọ̀n kì í sábà jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó lè wá bí etí dídùn, tí dókítà yóò sì yẹ etí wò tí kò ní rí ọyún tàbí omi kankan níbẹ̀. Ó lè wá bí eyín ríro tí kò dúró lójú kan, lónìí eyín òkè, lọ́la eyín ìsàlẹ̀. Ó lè wá bí ẹ̀fọ́rí ní ẹ̀bátí, tí wọn yóò máa pè ní túúlu. Ohun tó fà á ni pé iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń gbé ìròyìn láti eyín, láti èrìgì, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, láti ẹ̀bátí àti láti oríkèé àgbọ̀n lọ sí ọpọlọ. Bí ìròyìn bá pọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, ọpọlọ lè ṣi ibi tó ti wá mọ̀. Ibẹ̀ ni ìyà aláìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kán oògùn sétí, kò ní lọ. Yóò ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, kò ní lọ. Yóò wá jókòó lórí àga dókítà eyín pé kí wọ́n bá òun yọ eyín tó ń ro òun. Wọn yóò yọ ọ́, ìrora yóò sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ti pàdánù eyín méjì, mẹ́ta, báyìí, eyín tí nǹkan kan kò ṣe. Eyín àgbàlagbà tí a bá sì yọ kò tún ní hù mọ́.

Ọ̀nà wà láti fi wọ́n dá ara wọn yàtọ̀. Eyín tó bàjẹ́ sábà máa ń ké sí omi tútù tàbí ohun dídùn, ó sì ń dùn bí a bá kàn án. Àwòrán X-ray yóò sì fi ibi tó ti jẹrà hàn. Ìrora àgbọ̀n kò bìkítà fún omi tútù. Lílo ẹnu ló ń mú un le: jíjẹ ẹran, yíyán, ọ̀rọ̀ gígùn, orin. Ìrora tó bá ń ta bí iná mànàmáná fún ìṣẹ́jú àáyá péré, tí fífọwọ́ kan ojú tàbí fífọ ẹnu ń dá a sílẹ̀, àìsàn iṣan ìmọ̀lára ni ìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Àwọn ìrora àgbọ̀n kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré rárá. Àgbọ̀n dídùn tó bá wá pẹ̀lú àyà tó fún pinpin, òógùn àti èémí kúkúrú lè jẹ́ pé ọkàn ló ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀ tàbí tó ní ọgbẹ́, tí àgbọ̀n rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lè ti kó tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń pani kíákíá. Ojú tó wú pẹ̀lú ibà, eyín ọgbọ́n tó ń ṣọyún tí ẹnu kò fi là, egbò ẹnu tó kọ̀ tí kò jinná, ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú tìpìrì, wíwú tó ń pọ̀ sí i níwájú etí, gbogbo ìwọ̀nyí ń fẹ́ ojú dókítà láìpẹ́. Ẹni tó ti lé ní ọmọ 50 ọdún, tí ẹ̀bátí ń dùn, tí àgbọ̀n ń rẹ̀ bí ó ti ń jẹun, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kò gbọ́dọ̀ sun ọjọ́ náà sílé: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ẹ̀bátí lè fọ́ni lójú.

Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì. Àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fi í sí ìdá 5 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ibẹ̀. Obìnrin ló ń yọ lẹ́nu ju ọkùnrin lọ, láàárín ọmọ 20 sí 40 ọdún sì ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ láìṣe ohun ńlá kan. Èyí tó bá kọjá oṣù 3 ni wọ́n ń pè ní èyí tó pẹ́ lára, òun ni ọ̀rọ̀ yìí sì dá lé lórí jù.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìṣubú tó kan àgbọ̀n wà níbẹ̀. Lílà ẹnu pẹ́ lórí àga dókítà eyín wà níbẹ̀. Ìpayínkeke lójú oorun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti fífún eyín mọ́ra lọ́sàn-án láìmọ̀, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, sí ẹni tí gbèsè ń yọ lẹ́nu. Iṣẹ́ ọwọ́ àti àṣà wa ń dá kún un: télọ̀ tó ń fi eyín já òwú, káfíńtà tó ń fi ẹnu di ìṣó mú, ẹni tó ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò, ẹni tó ń fọ́ eegun ẹran kí ó lè fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu, ẹni tí pákò kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ìwádìí kan wà tó yí ojú tí àwọn oníṣègùn fi ń wo àìsàn yìí padà. OPPERA ni orúkọ rẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ènìyàn sínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ William Maixner ti Yunifásítì North Carolina, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000. Àwọn tí àgbọ̀n wọn kò dùn ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn àti ohun tó ṣáájú rẹ̀. Bí eyín ṣe tò kọ́ ni wọ́n rí. Àwọn tí ara ti ń ro níbòmíràn, tí oorun wọn kò dára, tí wàhálà ọkàn pọ̀ fún, ni ó mú jù. Oorun wọn sì ti ń bàjẹ́ kí àgbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Èyí kò túmọ̀ sí pé inú orí lásán ni ìrora náà wà, bí àwọn kan ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún aláìsàn lára. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé iṣan ìmọ̀lára tó ti ń gbé ìrora fún oṣù gbọọrọ máa ń tètè dáhùn ju bó ti yẹ lọ. Ohun kékeré tí kò yẹ kó dùn yóò máa dùn, kódà nígbà tí ojú oríkèé ti sàn. Ìrora náà dájú, ó sì ní ìdí nínú ara.

Kí ayé tó mọ èyí, aláìsàn ti jẹ ìyà. Ní 1934, James Costen, dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí aláìsàn 11. Ó ní eyín ẹ̀yìn tó ti bọ́ lẹ́nu wọn ló jẹ́ kí àgbọ̀n máa pa dé jù, tó fi ń tẹ etí àti iṣan mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa egungun àti iṣan padà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà ti ta gbòǹgbò: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà eyín fi ń fá eyín tó dá ṣáṣá, tí wọ́n ń dé e ládé, tí wọ́n ń to eyín tuntun, kí àgbọ̀n lè bára mu. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1980 sí 1990. Ilé iṣẹ́ Vitek ní ìlú Houston ń ṣe awẹ́ àtọwọ́dá tí wọ́n fi Teflon bò, wọ́n sì ń yọ awẹ́ tòótọ́ kúrò nínú oríkèé láti fi èyí rọ́pò. Teflon náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ agbára ìjẹun. Ara gbógun tì í, ó sì jẹ egungun tó yí i ká. Lára àwọn mìíràn, ó jẹ egungun orí dé ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ. Nígbà tí yóò fi di 1991, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ti fi sí lára. Púpọ̀ nínú wọn gba iṣẹ́ abẹ léraléra lẹ́yìn náà. Ìtàn yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń rọ̀ pé kí ó wá gba ohun tí a kò lè dá padà.

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ti ṣe ọ̀kan. Ní ọdún 2023, ìwé ìṣègùn BMJ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlànà kan jáde lórí èyí tó pẹ́ lára, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àfiwé ọ̀pọ̀ ìwádìí. Ohun tí wọ́n dì mú jù lọ ni ìdárayá àgbọ̀n àti ti ọrùn lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, fífi ọwọ́ tẹ iṣan tó dì, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn láti kọ́ bí a ṣe ń bá ìrora gbé, àti àlàyé pẹ̀lú ìtọ́jú ilé. Wọ́n kìlọ̀ gidigidi fún ìke àfisẹ́nu tí ń yí ipò eyín padà pátápátá, fún yíyọ awẹ́ oríkèé, àti fún pípa oògùn olóró pọ̀ mọ́ oògùn ìrora. Ìyẹn ni pé ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà.

Ìtọ́jú ilé bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ẹnu ṣe ń sinmi. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò yẹ kó máa kanra àfi nígbà tí a bá ń jẹun tàbí tí a bá ń gbé nǹkan mì. Bí a bá ro gbogbo ìkanra náà pọ̀ lójúmọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ètè papọ̀, eyín yà, ahọ́n fẹ̀yìn ti àjà ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú: ibẹ̀ ni àgbọ̀n ti ń sinmi. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fún eyín kò ní mọ̀ pé òun ń ṣe é, nítorí náà ó nílò ohun tí yóò máa rán an létí. Àwọn kan ń lẹ ìwé pélébé mọ́ ara dígí ọkọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà. Mùsùlùmí lè fi àkókò ìrun wákàtí márààrún ṣe àmì: bí wọ́n bá ti pe ìrun, kí ó yẹ àgbọ̀n rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó ti kéré tó yìí, ó wúlò púpọ̀.

Oúnjẹ ló tẹ̀ lé e, ilẹ̀ Yorùbá sì ní ohun rere púpọ̀ nínú èyí. Ọ̀gì, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná dénú, àsáró, ẹyin, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ni kò ni àgbọ̀n lára. Òkèlè àmàlà tàbí iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ tó yọ̀ kì í béèrè pé kí a rún un, bí òkèlè náà kò bá ti tóbi débi tí ẹnu yóò fi yà. Kí a gé ẹran wẹ́wẹ́ tàbí kí a lọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ kó sinmi ni ṣàkì, pọ̀nmọ́, tíńkó, eegun, àgbàdo sísun, ẹ̀pà, gúgúrú, obì, orógbó, ìrèké tí a ń fi eyín bó, àti ṣingọ́ọ̀mù ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni èyí wà fún. Bí ìrora bá ti rọlẹ̀, kí a padà sí oúnjẹ tó le díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣan tí a kò lò á máa rọ. Apá méjèèjì ẹnu ni kí a fi máa jẹun bí ó bá ti ṣeé ṣe.

Ooru ń tú iṣan tó dì. Aṣọ ìnura tí a rì sínú omi gbígbóná, tí a fún, tí kò sì lè jó awọ, kí a gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ìrora bá jẹ́ tuntun, tí ojú ibẹ̀ sì wú, yìnyín tí a fi aṣọ wé ló dára jù, fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn ooru ni kí a fi orí ìka pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí láyìíká, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni ìdárayá. Mariano Rocabado, onífisiotẹ́rápì ọmọ ilẹ̀ Chile, ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò káàkiri ayé: ìdárayá 6, kí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà, ìgbà mẹ́fà lójúmọ́. Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni kí a gbé ahọ́n lé àjà ẹnu, kí a wá la ẹnu láìjẹ́ kí ahọ́n kúrò níbẹ̀. Ẹnu kò ní là jù, orí egungun á yí lójú kan láìyọ̀ síwájú. Mìíràn dá lórí gbígbé àgbọ̀n sẹ́yìn kí ọrùn lè tọ́, nítorí orí tó ń tẹ̀ síwájú lórí fóònù látàárọ̀ ń fa iṣan àgbọ̀n pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi ipá la ẹnu lọ́jọ́ kan ṣoṣo yóò kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Oorun kò gbọ́dọ̀ sẹ́yìn nínú ìtọ́jú náà. Fífi ikùn sùn ń yí ọrùn, ó sì ń ti àgbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rí tó gbé ọrùn dáadáa ló sàn. Ọtí, sìgá àti kọfí lálẹ́ ń dá kún ìpayínkeke. Ẹni tó ń hanrun púpọ̀, tó sì ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, yẹ kó sọ fún dókítà, nítorí èémí tó ń dá dúró lójú oorun ń bá ìpayínkeke rìn nígbà mìíràn.

Ní ti oògùn, ibuprofen lè ran ìrora tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí a ó máa lò lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Fún èyí tó ti pẹ́, dókítà lè kọ amitriptyline díẹ̀ fún lílò lálẹ́, kí ó tu iṣan ìmọ̀lára lára kí oorun sì wá. Tramadol kò ní ibi tó ń bá àìsàn yìí lọ. Ó ń so ènìyàn mọ́lẹ̀, ìrora á sì wà níbẹ̀. Ìke tí wọ́n ń fi sẹ́nu sùn ń dáàbò bo eyín kí ó má baà jẹ tán lọ́wọ́ ìpayínkeke, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń lé ìrora lọ kò lágbára, ìlànà ọdún 2023 náà kò sì gbè é. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ èyí tó bo gbogbo eyín, tí dókítà wọ̀n sí ẹnu rẹ̀. Èyí tó bo eyín díẹ̀ péré lè jẹ́ kí àwọn yòókù yẹ̀ kúrò ní ipò. Iṣẹ́ abẹ wà fún oríkèé tó ti lẹ̀ pọ̀ tí ẹnu kò là mọ́ rárá, fún kókó, àti fún egungun tó ti jẹ tán. Fún ìrora iṣan, kò sí ohun tí ọ̀bẹ ń wá níbẹ̀.

Àgbọ̀n tó yẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Orí egungun á fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ẹnu á là sílẹ̀ gbayawu, kò ní lè pa dé. Nínú aláìsàn 96 ní Nàìjíríà tí V. I. Ugboko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa wọn ní 2005, yíyán ló ṣokùnfà rẹ̀ jù lọ. Ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ mú bí yíyán bá dé, kí ahọ́n sì wà lájà ẹnu. Kí a má gbá a létí, kí a má sì fi ipá tì í: dókítà á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn àgbọ̀n sílẹ̀, á sì tì í padà sí ipò. Bí ó bá ṣe yá sí ni iṣẹ́ náà ṣe ń rọrùn sí. Àgbọ̀n tó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè di ti iṣẹ́ abẹ.

Ìrora tó pẹ́ lára ní ìgbà tó ń rọlẹ̀ àti ìgbà tó ń gbérí. Ìgbérí kì í ṣe àmì pé ìtọ́jú ti bàjẹ́. Oúnjẹ rírọ̀, ooru, ìsinmi ọ̀rọ̀ sísọ fún ọjọ́ díẹ̀, á sì tún lọ sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó rorò ni ìbẹ̀rù, àti ìdánìkanjìyà. Ojú kì í rí àìsàn yìí: aláìsàn kò dùbúlẹ̀, kò wú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹun níbi àríyá, kò sì lè kọrin níjọ. Ìyàwó, ọkọ tàbí òbí tó bá mọ èyí kò ní máa sọ fún un pé agídí ni kò jẹ́ kó jẹ ẹran.

Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ ti ń dùn kọjá oṣù 3, kí ó lọ fi hàn ní ẹ̀ka eyín ilé ìwòsàn ńlá: UCH wà ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ó béèrè bóyá iṣan ni, awẹ́ ni, tàbí egungun, kí ó sì béèrè fún onífisiotẹ́rápì. Kí ó má sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ eyín rẹ̀ tàbí fá a nítorí ìrora yìí, àfi bí wọ́n bá fi hàn án lójú àwòrán pé eyín náà ti bàjẹ́.